Galaxy S24 Ultra Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Lò Ó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 2024 ni Samsung ṣí aṣọ lójú Galaxy S24 Ultra ní ìlú San Jose ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di ọjọ́ 31 oṣù náà, ó ti wà lọ́jà. Láti ìgbà yẹn ni àwọn tó fẹ́ rà á ti ń da ìbéèrè bo àwa tí a ń lò ó. Àwọn ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù ni mo kó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn láti inú ohun tí èmi àti àwọn mìíràn tó ní irú fóònù yìí ti rí.

Kí ló wà lára fóònù yìí tí owó rẹ̀ fi tó bẹ́ẹ̀?

Fóònù ńlá ni. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 6.8, ó wúwo tó gíráàmù 232, irin títáníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe etí rẹ̀ yíká, gíláàsì sì ni iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Snapdragon 8 Gen 3 ni ọpọlọ tó ń darí rẹ̀, RAM rẹ̀ jẹ́ 12GB, ènìyàn sì lè rà á pẹ̀lú àyè ìpamọ́ 256GB, 512GB tàbí 1TB. Kámẹ́rà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀, gègé tí wọ́n ń pè ní S Pen sì wà nínú ihò kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, 1,299 dọ́là ni wọ́n ń ta èyí tó kéré jù nígbà tó jáde. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí 1,500 náírà, iye yẹn jẹ́ 1,948,500 náírà, kí a tó fi owó ẹrù, owó ibodè àti èrè olùtajà lé e.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé ohun tí ìpolówó ń pariwo rẹ̀ kọ́ ló mú kí fóònù yìí tó owó rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ ṣe ń ṣe nínú oòrùn, bátìrì rẹ̀, àti ọdún méje tí ilé-iṣẹ́ náà ṣèlérí láti fi tọ́jú rẹ̀ ni mo rò pé ènìyàn ń sanwó fún. Ẹni tí kì í pẹ́ pààrọ̀ fóònù, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbé e dé ìta, lè ra fóònù tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì èyí, kò sì ní í mọ ìyàtọ̀ kan lára.

Ṣé òótọ́ ni pé ènìyàn lè ka ohun tó wà lójú rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan?

Òótọ́ ni, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù lára rẹ̀ nìyẹn. Nǹkan méjì ló fà á. Èkíní ni pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè ga tó 2,600 nits (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù) nínú oòrùn. Èkejì, tó ṣe pàtàkì ju èkíní lọ lójú mi, ni gíláàsì tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ Corning ń pè ní Gorilla Armor. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù ló máa ń di dígí mọ́ni lọ́wọ́ tí a bá jáde síta: ojú ara ẹni àti àwọsánmà ni a máa ń rí níbi tí a ti fẹ́ ka ọ̀rọ̀. Corning sọ pé Gorilla Armor lè dín irú ìdápadà ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kù tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti gíláàsì lásán.

Ẹni tó ń tajà níta ni yóò kọ́kọ́ mọ ìwúlò rẹ̀. Oníbàárà ti ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ọjà ti wà nínú ọ̀rá, ó kù kí olùtajà rí àlẹ́ẹ̀tì báńkì kó tó gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ṣeé kà nínú oòrùn á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀, á tẹ̀ ba, á tún wá ibòji lọ. Ẹni tó ní èyí á kà á lórí ìdúró. Bákan náà ló rí fún ọlọ́kadà tó ń wo máàpù àti fún àwọn tó ń wọn ilẹ̀.

Mo ní láti kìlọ̀ ohun kan, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ọwọ́ ara wọn pa àǹfààní yìí. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ra fóònù náà ni kí wọ́n lẹ screen guard onígíláàsì tí kò wọ́n mọ́ ọn. Láti ìṣẹ́jú yẹn, gíláàsì òkè yẹn ni oòrùn ń bá pàdé, Gorilla Armor tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò sì lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ bo ojú rẹ̀ dandan, ẹ wá irú èyí tí wọ́n ṣe láti má ṣe dá ìmọ́lẹ̀ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́n jù. Tèmi kò ní nǹkan kan lójú. Iyanrìn ni mo ń ṣọ́ra fún, nítorí pé ó lè ha gíláàsì yòówù, nítorí náà fóònù yìí ní àpò tirẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn kan fi ń sọ pé àwọ̀ rẹ̀ kú?

Ọ̀rọ̀ yìí gbilẹ̀ gan-an ní oṣù àkọ́kọ́ tí fóònù náà jáde. Àwọn tó ti S23 Ultra, èyí tó ṣáájú rẹ̀, bọ́ sórí rẹ̀ ṣàkíyèsí pé pupa kò pọ́n tó, àwọ̀ ewé kò sì jinlẹ̀ tó bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kódà bí wọ́n bá yan Vivid, èyí tó ń mú kí àwọ̀ tàn jù, nínú Settings. Ariwo náà pọ̀ débi pé nínú àtúnṣe tí Samsung fi ránṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n fi ohun kan kún un tí ènìyàn lè fà sọ́tùn-ún tàbí sósì láti fi pinnu bí àwọ̀ yóò ṣe tàn tó. Ẹ ó rí i lábẹ́ Display, ní Screen mode, nínú Advanced settings.

Ojú tèmi fẹ́ràn àwọ̀ tó tutù, nítorí ó sún mọ́ ohun tí ojú ń rí. Ẹni tó ń ta aṣọ lórí WhatsApp ló yẹ kó fetí sí èyí jù: ẹ lo Natural nínú Screen mode nígbà tí ẹ bá ń yẹ fọ́tò ọjà wò, kí ẹ lè mọ̀ bóyá àwọ̀ àrán tàbí léèsì náà rí bí ó ti rí lójú gangan kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Báwo ni kámẹ́rà rẹ̀ ṣe rí lóde àríyá?

Ìbéèrè yìí ni mo ń gbọ́ jù, ìdáhùn rẹ̀ sì ní apá méjì.

Ní ti ohun tó jìnnà tí kò sì ń mira, kò sí ohun tí mo lè fi wé e nínú àwọn fóònù tí mo ti lò. Kámẹ́rà ńlá rẹ̀ jẹ́ 200MP, èyí tó ń gba ibi fífẹ̀ jẹ́ 12MP, ọ̀kan ń fa nǹkan sún mọ́ ọ lọ́nà mẹ́ta ní 10MP, ọ̀kan sì ń fà á lọ́nà márùn-ún ní 50MP. Lórí S23 Ultra, ìlọ́po mẹ́wàá ni kámẹ́rà ìfàsúnmọ́ tó gùn jù ń dé fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, àwọn kan bínú pé wọ́n já àwọn kulẹ̀. Ìrírí mi tako ìyẹn. Ibi tí ènìyàn máa ń jókòó sí níbi ayẹyẹ kì í jìnnà tó ìlọ́po mẹ́wàá. Láàárín ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́wàá ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ sì ni kámẹ́rà 50MP yìí ti ń tàn. Níbi ìgbéyàwó kan ní Ìbàdàn, láti tábìlì ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo ya ìyàwó nígbà tó kúnlẹ̀ síwájú àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ fọ́tò náà, iyùn ọrùn rẹ̀ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì rí ibi tí òwú aṣọ òfì bàbá rẹ̀ ti tú díẹ̀ léjìká.

Apá kejì kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí ẹ ń yà bá ń mira, tí iná gbọ̀ngàn kò sì mọ́lẹ̀ tó, fóònù yìí máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gba àwòrán. Ní òde yẹn kan náà, ọmọ kékeré kan ń jó, ó ń bẹ̀rẹ̀ he owó tí wọ́n ń ná; ojú rẹ̀ jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di òjìji lásán nínú gbogbo fọ́tò tí mo yà. Àwọn tó ní ọmọ kékeré nílé ń ráhùn lórí èyí ju ohunkóhun lọ, ẹ̀tọ́ wọn sì ni, nítorí kò yẹ kí fóònù olówó gọbọi ní irú àléébù bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni kí n tan Motion photo, tí ó máa ń gba ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ṣáájú kí n tó tẹ̀ ẹ́, kí n lè yan ibi tó dára jù lẹ́yìn náà. Níbi tí Galaxy Store bá ti ní àpù Camera Assistant, ẹ lè fi sọ fún un pé kó ya fọ́tò ní kété tí ìka bá kan bọ́tìnnì, kó má dúró dìgbà tí ìka bá kúrò.

Ó tún máa ń fẹ́ mú kí awọ dúdú mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá jù lọ bí ìmọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n ń yà. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí fóònù, kí ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó yà á. Inú ẹni náà yóò dùn láti rí ara rẹ̀ bó ṣe rí.

Bátìrì rẹ̀ ńkọ́, pàápàá níbi tí iná kì í ti í dúró?

Bátìrì 5,000mAh ló wà nínú rẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tó ń lo WhatsApp, tó ń pe ìpè, tó ń wo fídíò díẹ̀, tó sì ń tan dátà láti àárọ̀, ó ń gbé e dé alẹ́, nǹkan á sì ṣì ṣẹ́kù. Ẹni tó bá ń ṣe hotspot fún gbogbo ọ́fíìsì, tàbí tó wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára tí fóònù ń wá a kiri, kò ní í rí bẹ́ẹ̀.

Kò sí orí ṣájà nínú páálí rẹ̀, wáyà nìkan ni wọ́n fi síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó yára gba iná, ẹ wá orí ṣájà 45W tó ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní PPS, kí wáyà rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó lè gbé 5A. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá pé, yóò kàn máa gba iná díẹ̀díẹ̀ ni. Samsung sọ pé irú ṣájà bẹ́ẹ̀ lè gbé e láti òdo dé ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fún ẹni tí iná ìjọba ń yọ sí fún wákàtí kan péré kó tó tún lọ, ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí, ó sì tó ohun tí ènìyàn ń fi owó ra ṣájà gidi fún. Ayédèrú ṣájà pọ̀ lọ́jà. Fóònù fúnra rẹ̀ á kọ ọ́ síta bóyá ó ń gba iná kíákíá tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí náà ẹ dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á.

Nínú Settings, lábẹ́ Battery protection, ẹ ó rí ọ̀nà mẹ́ta. Maximum lè má jẹ́ kó kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, Basic máa ń dé 100 ó sì dúró kó tó rẹ̀ sí 95 kó tó tún gbà sí i, Adaptive sì ń wo ìgbà tí ẹ máa ń sùn. Gbogbo ìmọ̀ràn tí ẹ ó rí káàkiri ni pé kí ẹ yan 80 kí bátìrì má bàa tètè gbó. Ìmọ̀ràn náà dára fún ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ. Ẹni tí kò mọ ìgbà tí iná yóò tún dé kò yẹ kó fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ lófo. Kó jẹ́ kó kún, nítorí bátìrì ṣeé pààrọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ṣé ó máa ń gbóná?

Ó máa ń gbóná níbi tí gbogbo fóònù ti ń gbóná: nínú mọ́tò, níwájú gíláàsì, tí ó ń gba iná, tí ó sì ń ṣe máàpù. Nínú ipò bẹ́ẹ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ kù, á sì dín bó ṣe ń gba iná kù, kí bátìrì má bàa bàjẹ́. Ní ilé, lórí géèmù ńlá, ó ń lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ ni, kì í jó ni lọ́wọ́. Páọ̀ṣì rọ́bà tó nípọn ń dá ooru dúró sínú rẹ̀, nítorí náà ẹ bọ́ ọ nígbà tó bá ń gba iná nínú ooru.

Kí ni mo fẹ́ fi gègé S Pen ṣe?

Ọ̀pọ̀ olówó fóònù yìí ni kì í fa gègé náà yọ rárá. Èmi ń lò ó lójoojúmọ́, nítorí pé bí ojú fóònù bá wà ní pípa, tí mo fa gègé yọ, mo lè kọ̀wé sórí rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìṣí fóònù náà: orúkọ ẹni, iye owó, nọ́ńbà mọ́tò. Ẹni tó ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn yóò gbádùn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé àmì orí àti àmì abẹ́ ń lọ síbi tí ọwọ́ bá gbé wọn sí. Fún títẹ̀ lórí kíbọọ̀dù, Gboard ti Google ní Yorùbá. Bí ẹ bá yàn án, tí ẹ sì fi ìka dúró lórí lẹ́tà, ọ, ẹ àti ṣ á jáde pẹ̀lú àwọn àmì.

Bọ́tìnnì ara gègé náà tún ń ya fọ́tò láti òkèèrè. Ẹ gbé fóònù kalẹ̀, kí gbogbo ẹbí tò, kí ẹni tó mú gègé lọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní í ku lẹ́yìn nínú fọ́tò. Ẹ ṣọ́ra fún páọ̀ṣì tó ní òòfà lẹ́yìn, nítorí òòfà náà máa ń da gègé láàmú: á ya ìlà tí kò tọ́, tàbí kó má tiẹ̀ kọ rárá ní apá kan.

Wọ́n ní ó lè túmọ̀ ìpè fóònù. Ṣé ó gbọ́ Yorùbá?

Rárá. Galaxy AI, ìyẹn ọgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀, ni Samsung pè ní ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tuntun tó wà lára fóònù yìí, ó sì lè túmọ̀ ohùn ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lórí ìpè. Nígbà tó jáde, èdè 13 ló mọ̀, àwọn bíi Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Ṣáínà, Híńdì, Kòríà àti Pọtogí. Kò sí èdè Áfíríkà kankan nínú wọn tí kì í ṣe ti àwọn Òyìnbó tó wá ṣàkóso wa. Ó dùn mí, n kò sì ní fi pamọ́: èdè tí àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ń sọ ní Nàìjíríà, Benin àti Togo kò yẹ kó ṣàìsí nínú ohun tí wọ́n ń ta fún wa ní irú iye yìí. Ó wúlò fún ẹni tó ń ra ọjà láti Ṣáínà, tàbí ẹni tó ń lọ sí Kútọnu tí kò gbọ́ Faransé. Àwọn tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ túmọ̀ Yorùbá tí a tẹ̀ ṣì ní láti lo Google Translate, tí Yorùbá ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún 2013.

Nínú ohun tó kù, Circle to Search ni mo ń lò jù. Ẹ fi ìka yí nǹkan tó wà lójú fóònù po, ìbáà ṣe bàtà tàbí èso, Google á wá a jáde. Ìyókù, mo lè gbàgbé pé wọ́n wà níbẹ̀.

Ṣé ó ń gba mẹ́mórì káàdì àti earpiece oníwáyà?

Kò sí ihò fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tó ń ya fídíò púpọ̀ kó má ra 256GB.

Káàdì SIM mélòó ló ń gbà?

Èyí tí wọ́n ń tà káàkiri àgbáyé ń gba káàdì méjì, ó sì ní eSIM, ìyẹn SIM tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀ láìsí káàdì. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ń gba káàdì ẹyọ kan pẹ̀lú eSIM, nítorí náà ẹni tí nọ́ńbà báńkì rẹ̀ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, tí dátà rẹ̀ sì wà lórí òmíràn, kó fọkàn sí i. Ó ń lo 5G. MTN bẹ̀rẹ̀ 5G ní Nàìjíríà ní ọdún 2022, Airtel sì tẹ̀ lé e ní 2023, ṣùgbọ́n kò tíì dé gbogbo ibi; níbi tó bá ti ń wọlé tó ń jáde, ẹ yí i sí 4G kí ó má bàa jẹ bátìrì.

Bó bá bọ́ sómi tàbí tó já bọ́ ńkọ́?

Ìwọ̀n rẹ̀ ni IP68, ìyẹn ni pé ó lè wà nínú omi tó mọ́, tí kì í ṣe omi òkun, tí jíjìn rẹ̀ kò ju mítà 1.5 lọ, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òjò kì í ṣe é ní nǹkan kan. Bí omi bá wọ ihò ṣájà, fóònù á kọ̀ láti gba iná, á sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi aṣọ tàbí igi tọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ lo ṣájà aláìníwáyà tí ẹ ó gbé e lé.

Ní ti bíbọ́ sílẹ̀, títáníọ̀mù kì í dáàbò bo gíláàsì. Ẹ lo páọ̀ṣì. Ojú rẹ̀ tó bá fọ́ kò ṣeé tún ṣe lówó pọ́ọ́kú, ọ̀rọ̀ yìí sì ni yóò gbé wa lọ sórí ìbéèrè tó kàn.

Mo fẹ́ ra tòkunbọ̀ rẹ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Tòkunbọ̀ kò burú, ọ̀pọ̀ wa ni kò lè dé ìdí tuntun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kánjú sanwó, ẹ má sì jẹ́ kí olùtajà kánjú fún yín, ìbáà jẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní ilé ẹni tí ẹ mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ *#06#, kí ẹ fi nọ́ńbà IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) tó bá yọ wé èyí tó wà nínú Settings àti lára páálí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ *#0*#, níbi tí ẹ ó ti rí ojú-ìwé tí Samsung ń fi dán ojú fóònù, kámẹ́rà, agbọ́hùnsókè àti gègé wò. Ayédèrú S24 Ultra wà lọ́jà, títí dé páálí, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà ní ojú-ìwé yìí. Àwọn kan tó ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà wá lè má ṣí i bó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, nítorí náà ẹ má fi ìyẹn nìkan dá a lẹ́jọ́.

Ìdánwò tí mo fọkàn tán jù ni ti gègé. Ẹ fà á yọ, kí ẹ ya ìlà láti igun dé igun, kí ẹ tún fi ìlà bo gbogbo ojú fóònù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ti fọ́ ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì fi èyí tó pọ́ọ́kú rọ́pò rẹ̀, gègé kò ní í kọ̀wé, tàbí ìlà á já níbì kan. Ìka tí a ń tẹ̀ láti fi ṣí i kò sì ní í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí abẹ́ ojúlówó ojú fóònù ni ohun tó ń ka ìka wà.

Ẹ fi káàdì SIM tiyín sínú rẹ̀, kí ẹ sì pe ẹnì kan, nítorí àwọn mìíràn wà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì òkè òkun ti tì. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti san owó rẹ̀ tán. Fóònù tí wọ́n rà ní sísan-díẹ̀-díẹ̀ lè wà lábẹ́ Knox Guard, tí ẹni tí wọ́n jẹ lówó lè fi tì í pa láti òkèèrè, lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e dé ilé. Níkẹyìn, kí olùtajà yọ àkáǹtì Google àti ti Samsung kúrò lójú yín, kó nu fóònù náà, kí ẹ sì fi àkáǹtì tiyín wọlé kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ó bá ń béèrè àkáǹtì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ẹ dá a padà.

Kí ni ìlérí ọdún méje yẹn túmọ̀ sí fún mi?

Samsung ṣèlérí pé láti ọdún 2024, fóònù yìí yóò máa gba Android tuntun àti àtúnṣe ààbò fún ọdún méje, ìyẹn títí di ọdún 2031. Android 14 ló wà lórí rẹ̀ nígbà tó jáde. Android 15 dé e ní ọdún 2025. Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣe pàtàkì ni pé àpù báńkì wa ló wà lórí fóònù, wọ́n sì máa ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí Android tó ti pẹ́. Fóònù olówó kékeré tí a ń pààrọ̀ ní ọdún méjì-méjì lè ná ni ju èyí lọ ní ìparí ọdún méje. Ẹni tó bá máa lò ó pẹ́ kó fi owó bátìrì tuntun kan sínú ìṣirò rẹ̀.

Ṣé kí n kúkú ra S25 Ultra?

Oṣù kìíní ọdún 2025 ni Samsung ṣí aṣọ lójú S25 Ultra, ó sì dé ọjà ní oṣù kejì, ní 1,299 dọ́là bákan náà. Ó fúyẹ́ jù, gíráàmù 218. Ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 6.9, Snapdragon 8 Elite ló ń darí rẹ̀, kámẹ́rà tó ń gba ibi fífẹ̀ sì ti kúrò ní 12MP sí 50MP. Bátìrì rẹ̀ ṣì jẹ́ 5,000mAh, ṣájà rẹ̀ sì ṣì jẹ́ 45W. Wọ́n yọ Bluetooth kúrò nínú gègé rẹ̀, nítorí náà kò lè ya fọ́tò láti òkèèrè mọ́, ohun tó ba ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ S Pen nínú jẹ́.

Ẹni tó ti ní S24 Ultra lọ́wọ́ kò nílò láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà, tó bá rí i pé iye méjèèjì kò jìnnà síra, kó mú S25 Ultra, nítorí ìtọ́jú tirẹ̀ yóò fi ọdún kan gùn ju ti S24 Ultra lọ. Bí ìyàtọ̀ owó bá sì tó ohun tí a lè fi ra ojúlówó ṣájà, páọ̀ṣì àti bátìrì ọjọ́ iwájú, S24 Ultra ni kó rà.